Orí Keje: Ibi Ìgbafẹ́ àti Oníbàárà Tó Ní Àrùn Ìgbàgbé

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2014, eré olórin tí wọ́n ń pè ní White Christmas ń lọ lọ́wọ́ ní gbọ̀ngàn West Yorkshire Playhouse, nílùú Leeds, ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Leeds Playhouse ni orúkọ gbọ̀ngàn náà lónìí. Nínú àwọn ìgbà tí wọ́n ṣe eré náà, wọ́n ya ọ̀kan sọ́tọ̀ fún àwọn tó ní àrùn ìgbàgbé àti ẹbí wọn. Wọn kò pa iná ibi tí èrò ìwòran jókòó sí tán. Wọ́n rẹ ohùn ẹ̀rọ sílẹ̀, wọ́n sì dín iná tó ń kọ mànà kù. Ẹni tó bá fẹ́ dìde láàárín eré lè dìde, ẹni tí orin bá mú orí rẹ̀ wú lè bá wọn gbé e, kò sí ẹni tí yóò yíjú wò ó. Wọ́n kò kọ eré mìíràn fún wọn. Àwọn òṣèré yẹn náà ni, àwọn orin yẹn náà ni. Gbọ̀ngàn ni wọ́n tún ṣe.

Ohun tí orí yìí dúró lé nìyẹn. Bí àgbàlagbà kan tó ní àrùn ìgbàgbé bá ṣíwọ́ àtimáa jáde, àwọn ènìyàn a sọ pé àìsàn ló há a mọ́lé. Ṣùgbọ́n bí a bá fara balẹ̀ wò ó, ó lè jẹ́ ilẹ̀ tó ń dán bí omi, ariwo tí kò jẹ́ kó gbọ́ ẹnì kejì, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí kò rí, tàbí akọ̀wé ìdí káńtà tó ń mí hẹ̀lẹ̀ nítorí pé ọwọ́ àgbàlagbà náà falẹ̀, ló dá a dúró sílé. Ọ̀gá hòtẹ́ẹ̀lì kò lè wo àrùn náà sàn. Ilẹ̀, iná, àmì ojú ọ̀nà àti òṣìṣẹ́ ló wà ní ìkáwọ́ rẹ̀. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Scotland ni a ó ti mú púpọ̀ nínú àpẹẹrẹ wa, nítorí pé níbẹ̀ ni àwọn ilé ìgbafẹ́, ẹgbẹ́ aláàánú àti ilé-iṣẹ́ ìrìn-àjò afẹ́ ti pawọ́ pọ̀ ṣe iṣẹ́ yìí débi tí akẹ́kọ̀ọ́ fi lè rí ohun gidi yẹ̀ wò.

Ohun tí àrùn náà ń ṣe

Àrùn ìgbàgbé, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní dimẹ́ńṣíà, kì í ṣe àrùn kan ṣoṣo. Oríṣiríṣi àrùn ọpọlọ ló wà lábẹ́ orúkọ náà. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni èyí tí wọ́n fi orúkọ dókítà ará Jámánì nì, Alois Alzheimer, pè. Ní ọdún 1901 ni wọ́n gba obìnrin kan tó ti lé ní ọmọ àádọ́ta ọdún sí ilé ìwòsàn tí Alzheimer ti ń ṣiṣẹ́ nílùú Frankfurt. Nígbà tí obìnrin náà kú, dókítà náà yẹ ọpọlọ rẹ̀ wò, ó sì ṣàlàyé ohun tó rí fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nílùú Tübingen ní ọdún 1906. Oríṣi kejì tó wọ́pọ̀ máa ń wáyé nígbà tí ẹ̀jẹ̀ kò bá dé àwọn apá kan nínú ọpọlọ dáadáa, bóyá lẹ́yìn àrùn rọpárọsẹ̀. Oríṣi kan sì wà, èyí tí wọ́n ń pè ní Lewy body, tó lè mú kí ènìyàn rí ọmọdé tàbí ẹranko nínú yàrá tí kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé mílíọ̀nù 57 ènìyàn ló ń gbé pẹ̀lú àrùn yìí ní ọdún 2021, àti pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 10 ènìyàn tuntun ló ń ní in lọ́dọọdún. Ó lé ní ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún wọn tó ń gbé ní àwọn orílẹ̀-èdè tí owó wọn kò pọ̀. Ní ilẹ̀ Bìrìtìkó nìkan, iye wọn ti ń sún mọ́ mílíọ̀nù kan, ó sì ju 70,000 lọ nínú wọn tí àrùn náà ti mú kí wọ́n tó pé ọmọ ọdún 65. Nítorí náà, kí òṣìṣẹ́ má ṣe wá irun funfun kiri kó tó gbà pé oníbàárà tó wà níwájú òun lè ní àrùn yìí.

Orúkọ tí a ń pè é ní Yorùbá lè ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà díẹ̀, torí ìgbàgbé kọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ojú lè ríran dáadáa kí ọpọlọ má lè túmọ̀ ohun tí ojú rí. Ìnusẹ̀ dúdú tó wà lẹ́nu ọ̀nà a dà bí ihò, ẹni náà kò sì ní fẹ́ tẹ̀ ẹ́. Táìlì tó ń dán a dà bí ilẹ̀ tí omi wà. Kápẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ tótòtó lè dà bíi pé nǹkan ń rákò lórí rẹ̀. Etí ń gbọ́, ṣùgbọ́n kò lè ya ohùn ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára orin, ẹ̀rọ kọfí àti àwo tó ń kọlu ara wọn. Ètò iṣẹ́ a máa dàrú pẹ̀lú: ènìyàn mọ ohun tí tíì jẹ́, ó fẹ́ ẹ mu, ṣùgbọ́n kò mọ̀ bóyá ife ló yẹ kí òun kọ́kọ́ mú ni tàbí omi gbígbóná.

Ìbéèrè kan wà tí akẹ́kọ̀ọ́ máa ń bi olùkọ́ nígbà tí a bá dé ibí yìí, ìbéèrè tó sì mọ́gbọ́n wá ni: bí ẹni náà yóò bá gbàgbé pé òun jáde, kí ni èrè ìjáde náà? Àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Iowa, ní Amẹ́ríkà, ṣe ohun kan tó dáhùn rẹ̀, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2014. Wọ́n fi fíìmù tó bani nínú jẹ́ àti èyí tó pani lẹ́rìn-ín han àwọn tó ní àrùn Alzheimer. Láìpẹ́, púpọ̀ nínú wọn kò rántí ohun tí wọ́n wò mọ́. Síbẹ̀ ìbànújẹ́ tàbí ayọ̀ tí fíìmù náà fi sí wọn lára ṣì wà níbẹ̀. Ohun tí èyí ń sọ fún ilé ìgbafẹ́ ṣe kedere: Màmá lè má rántí orúkọ ọgbà tí wọ́n mú un lọ, kí inú rẹ̀ sì dùn títí di alẹ́. Bákan náà ni òṣìṣẹ́ tó jágbe mọ́ ọn láàárọ̀ lè ba gbogbo ọjọ́ náà jẹ́ fún un, tí òun fúnra rẹ̀ kò sì ní lè sọ ohun tó fà á.

Ta ni oníbàárà náà gan-an?

Ẹni tó ní àrùn ìgbàgbé kì í sábà dá jáde. Ìyàwó rẹ̀ ló mú un wá, tàbí ọmọ rẹ̀ obìnrin, tàbí àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀. Bí ẹnì kan nínú àwọn márùn-ún bá ti rí i pé ilé oúnjẹ kan kò gba Bàbá mọ́ra, gbogbo àwọn márààrún ni kò ní padà síbẹ̀ mọ́. Ilé oúnjẹ náà kò ní gbọ́ ẹjọ́ kankan. Yóò kàn rí i pé àga kan ṣófo lọ́jọ́ Àìkú. Àwọn ẹbí wọ̀nyí sì fẹ́ràn láti jáde ní àárín ọ̀sẹ̀ àti ní àsìkò tí èrò kò pọ̀, èyí tó jẹ́ àsìkò tí àwọn hòtẹ́ẹ̀lì ń wá ẹni tí yóò sùn sí yàrá wọn. Èmi kì í fẹ́ fi ọ̀rọ̀ èrè ṣáájú nínú irú ẹ̀kọ́ báyìí, àmọ́ mo mọ̀ pé ìgbìmọ̀ tó ń buwọ́ lu owó yóò bèèrè.

Òfin pẹ̀lú wà ńbẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Wales àti Scotland, Òfin Ìdọ́gba ọdún 2010 ka àrùn ìgbàgbé mọ́ àìlera, bó bá ti ń dí ìgbé-ayé ènìyàn lọ́wọ́ fún ìgbà pípẹ́. Ilé-iṣẹ́ tó ń tajà tàbí tó ń ṣe iṣẹ́ fún gbogbo ènìyàn gbọ́dọ̀ ṣe àtúnṣe tó bá mọ́gbọ́n wá. Kò gbọ́dọ̀ dúró di ìgbà tí ẹnì kan bá ṣubú tàbí tó bá fẹjọ́ sùn kó tó ṣe é. Kò sì gbọ́dọ̀ gba owó àtúnṣe náà lọ́wọ́ oníbàárà. Ibi tí òfin náà ti hàn jù ní ìdí káńtà ni ọ̀rọ̀ olùtọ́jú. Bí ẹnì kan kò bá lè dá wọ inú ọgbà, olùtọ́jú rẹ̀ kì í ṣe àlejò kejì tó wá ṣe fàájì. National Trust, àjọ tó ń bójú tó àwọn ilé àtijọ́, ọgbà àti etíkun, ní káàdì kan tó ń jẹ́ kí olùtọ́jú wọlé lọ́fẹ̀ẹ́. Ní ọdún 2019, àjọ náà kéde pé òun àti ẹgbẹ́ aláàánú Alzheimer's Society yóò jọ ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́ta kí àwọn ibi tó wà lábẹ́ òun lè gba àwọn ẹni tó ní àrùn ìgbàgbé mọ́ra.

Láti ilé títí dé ilé ìgbọ̀nsẹ̀

Ọ̀nà tó dára jù láti mọ ohun tó yẹ kí a tún ṣe ni kí a bá oníbàárà rìn láti ìgbà tó ti wà nílé. Ẹbí ló sábà máa ń ṣètò ìrìn-àjò náà, ohun tí wọ́n sì ń wá lórí ìkànnì ayélujára kì í ṣe fọ́tò òkun. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá àyè wà láti gbé ọkọ̀ sí nítòsí ẹnu ọ̀nà. Níbo ni ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà? Ìgbà wo ni ibẹ̀ máa ń dákẹ́ jù? Ṣé a lè kúrò kí eré tó parí? Bí hòtẹ́ẹ̀lì bá ya àwòrán ẹnu ọ̀nà, ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti yàrá rẹ̀ síbẹ̀, ẹbí lè jókòó ti Bàbá ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kí wọ́n fi ibi tó ń lọ hàn án. Nọ́ńbà tẹlifóònù tí ènìyàn gidi yóò gbé wúlò ju fọ́ọ̀mù aláwẹ́ mẹ́jọ lọ. Ó yẹ kí ènìyàn lè bèèrè ohun tó ń já a láyà lọ́wọ́ ẹni tí yóò dá a lóhùn.

Ní ẹnu ọ̀nà, ẹ ká ìnusẹ̀ dúdú kúrò. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan, ó sì wà lára ohun tó ń dá ènìyàn dúró jù lọ. Yunifásítì Stirling ní Scotland ti ní ibùdó kan láti ọdún 1989 tó ń ṣe ìwádìí nípa bí ilé ṣe lè rọrùn fún àwọn tó ní àrùn yìí, ohun tí iṣẹ́ wọn sì ń tẹnu mọ́ ni ìyàtọ̀ àwọ̀. Kí ilẹ̀ ní àwọ̀ kan náà láti yàrá dé yàrá, kí ó má dán. Kí ògiri yàtọ̀ sí ilẹ̀. Kí àga yàtọ̀ sí kápẹ́ẹ̀tì tó dúró lé, kí ènìyàn má bàa jókòó sórí afẹ́fẹ́. Kí etí àtẹ̀gùn hàn. Ilẹ̀kùn tí àwọn òṣìṣẹ́ nìkan ń gbà kọjá lè ní àwọ̀ ògiri, kó má pe ẹnikẹ́ni. Iná kí ó mọ́lẹ̀ káàkiri, láìsí ibi tí òjìji dúdú wà. Ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ olówó ńlá kò fẹ́ràn ìmọ̀ràn iná yìí, nítorí wọ́n gbà pé òkùnkùn ló ń mú kí oúnjẹ wọn dà bí oúnjẹ ìfẹ́. Kí wọ́n ya igun kan sọ́tọ̀.

Àmì ojú ọ̀nà ní ẹwà tó ń ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́. Àwọn ayàwòrán ilé máa ń fẹ́ fi lẹ́tà tín-ín-rín aláwọ̀ eérú sórí dígí, tàbí kí wọ́n fi àwòrán adìyẹ àti àkùkọ rọ́pò obìnrin àti ọkùnrin lẹ́nu ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ pé lè rẹ́rìn-ín sí i. Ẹni tí tirẹ̀ ń ṣe ségesège yóò dúró síbẹ̀ títí ìtọ̀ yóò fi já a gbà. Ọ̀rọ̀ àti àwòrán ni kó jọ wà lórí pátákó kan náà, kí lẹ́tà tóbi, kí àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ sí ti ẹ̀yìn rẹ̀, kí wọ́n gbé e kọ́ sí ibi tí ojú ènìyàn dé, lára ilẹ̀kùn fúnra rẹ̀.

Mo fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ dúró díẹ̀ nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀, torí ibẹ̀ ni ìrìn-àjò púpọ̀ ti ń bàjẹ́. Bí ibi ìjókòó, ògiri àti ilẹ̀ bá funfun tán, ẹni náà lè má rí ibi tí yóò jókòó sí. Ìbòrí ìjókòó aláwọ̀ dúdú tàbí pupa yóò yanjú rẹ̀. Ẹ̀rọ omi tó jẹ́ pé ènìyàn gbọ́dọ̀ na ọwọ́ sábẹ́ rẹ̀ kó tó tú omi kò yé ẹni tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ yí ẹ̀rọ omi. Bẹ́ẹ̀ náà ni bọ́tìnnì tí wọ́n fi pamọ́ sínú ògiri láti fi ṣan omi. Dígí ńlá tún lè jẹ́ ìṣòro: ẹni tí kò dá ojú ara rẹ̀ mọ̀ mọ́ yóò rò pé ẹlòmíràn wà níbẹ̀, yóò sì tọrọ gáfárà, yóò jáde. Jíjáde náà lè ṣòro, bí ilẹ̀kùn méjì tó jọra bá wà tí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ti ibi ìkó-ìgbálẹ̀-sí. Pátákó tó ń fi ọ̀nà àbájáde hàn gbọ́dọ̀ wà nínú pẹ̀lú. Lórí gbogbo rẹ̀, ìyàwó tó mú ọkọ rẹ̀ wá kò lè bá a wọ ti àwọn ọkùnrin. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan tó fẹ̀, tí ọkùnrin àti obìnrin lè jọ wọ̀, yóò yọ wọ́n nínú ìtìjú.

Nídìí oúnjẹ, ìwé àkójọ oúnjẹ olójú ewé mẹ́wàá máa ń dá ìpayà sílẹ̀. Oúnjẹ mẹ́rin tàbí márùn-ún pẹ̀lú àwòrán tó láti yàn nínú rẹ̀. Ọ̀dùnkún gígún lórí àwo funfun kì í hàn. Fi í sórí àwo aláwọ̀ búlúù, yóò hàn. Oúnjẹ tí ènìyàn lè fi ọwọ́ mú yẹ kó wà, kì í ṣe lórí àkójọ oúnjẹ ọmọdé. Ètò kí-oníkálukú-bu-tirẹ̀ tí àwọn hòtẹ́ẹ̀lì fẹ́ràn láàárọ̀ ṣòro fún wọn. Kí òṣìṣẹ́ kan gbé àwo náà wá bá wọn lórí tábìlì, kí ó sì jẹ́ tábìlì kan náà lójoojúmọ́. Ní ti owó, nọ́ńbà àṣírí káàdì máa ń fò lọ́kàn. Kí wọ́n gba owó ní ìjókòó, kí ẹnikẹ́ni má kánjú, kí òṣìṣẹ́ má sì ki ọwọ́ bọ àpò ẹnikẹ́ni láti ran án lọ́wọ́.

Yàrá ìsùn kò nílò púpọ̀. Iná kékeré tó ń tàn lóru kó lè rí ọ̀nà ilé ìwẹ̀, àmì pupa àti búlúù lára ẹ̀rọ omi, fóònù tó ní nọ́ńbà kan péré láti tẹ̀, aṣọ tí wọ́n lè fi bo dígí.

Ẹnu òṣìṣẹ́

Ilé tó dára jù lọ kò wúlò bí òṣìṣẹ́ bá ń bá ọmọ Màmá sọ̀rọ̀ lórí Màmá, bíi pé Màmá kò sí níbẹ̀. Kí òṣìṣẹ́ kọjú sí ẹni náà, kí ó dá orúkọ ara rẹ̀, kí ó bèèrè ohun kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kí ó fúnni ní yíyàn méjì dípò mẹ́fà. Kí ó ka ẹni náà mọ́ ẹni tó lè dáhùn, ìyẹn ni pé kí ó dákẹ́ kí ìdáhùn jáde. Bí àgbàlagbà bá sọ pé òun ń dúró de ọkọ òun tó ti kú láti ọdún pípẹ́, kì í ṣe iṣẹ́ agbóúnjẹ láti já a nírọ́. Kò sì gbọ́dọ̀ purọ́ pé ọkọ náà ń bọ̀. Ó lè sọ pé, "Ẹ sọ fún mi nípa wọn," kó fà á lọ sí ibi tí ìrántí náà dùn.

Ẹ̀kọ́ yìí kò gba àkókò púpọ̀. Ní ọdún 2013, Alzheimer's Society dá ètò Dementia Friends sílẹ̀, nínú èyí tí ẹnikẹ́ni ti lè gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kúkúrú. Ilẹ̀ Japan ni wọ́n ti kọ́ ọgbọ́n náà, níbi tí irú ètò bẹ́ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2005. Ìṣòro tí mo rí níbẹ̀ ni pé ilé-iṣẹ́ máa ń kọ́ àwọn tó wà ní ìdí káńtà nìkan. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, awakọ̀ àti agbálẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ rí ẹni tó ṣìnà.

Tí ẹnì kan bá sọnù ńkọ́? Àwọn ọlọ́pàá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní fọ́ọ̀mù kan tí ẹbí máa ń kọ sílẹ̀ kí wàhálà tó dé, tó ní fọ́tò ẹni náà, oògùn tó ń lò, àti àwọn ibi tó ti gbé tàbí tó ti ṣiṣẹ́ rí. Ní agbègbè Norfolk ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì fi orúkọ George Herbert pè é, sójà tó jà ní Normandy tó wá ní àrùn ìgbàgbé. Ọ̀gá ibi ìgbafẹ́ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé fọ́ọ̀mù náà wà, kó bi ẹbí léèrè rẹ̀, kó rán òṣìṣẹ́ sí gbogbo ẹnu ọ̀nà lójú ẹsẹ̀, kó sì pe ọlọ́pàá láì fi wákàtí kan wá a fúnra rẹ̀.

Àìlera tí ojú kò rí

Ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ arọ kò ní láti ṣàlàyé ara rẹ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú. Ẹni tó ní àrùn ìgbàgbé ní láti ṣàlàyé, láàárín ariwo, níwájú èrò, nígbà tí wọ́n ní kó bọ́ bàtà. Ní ọdún 2016, pápákọ̀ òfuurufú Gatwick bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn arìnrìn-àjò ní okùn ọrùn aláwọ̀ ewé tó ní òdòdó oòrùn lára. Ẹni tó bá wù ló ń gbé e kọ́rùn. Kò sọ orúkọ àrùn kankan. Ohun tó ń sọ fún òṣìṣẹ́ ni pé ẹni yìí lè nílò sùúrù, àyè tàbí àlàyé lẹ́ẹ̀kejì. Àmì náà ti tàn dé ọ̀pọ̀ pápákọ̀ òfuurufú, ilé ìtajà àti ibùdó ọkọ̀ ojú irin láyé. Okùn lásán ni bí òṣìṣẹ́ kò bá mọ ìtumọ̀ rẹ̀.

Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àti orin

Àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ló ti lọ jìnnà jù nínú iṣẹ́ yìí, bóyá nítorí pé ìrántí ni ọjà tí wọ́n ń tà tẹ́lẹ̀. Ilé àwòrán MoMA ní New York bẹ̀rẹ̀ sí í gba àwọn tó ní àrùn Alzheimer àti olùtọ́jú wọn níwájú àwọn àwòrán rẹ̀ ní ọdún 2006. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé kò sí ẹni tó ń bèèrè orúkọ ayàwòrán tàbí ọdún tó yà á. "Kí lẹ rí níbí?" ni ìbéèrè náà, kò sì sí ìdáhùn tó kùnà. Ní Liverpool, àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba dá House of Memories sílẹ̀ ní ọdún 2012. Wọ́n ń kọ́ àwọn olùtọ́jú bí wọ́n ṣe lè fi nǹkan àtijọ́ dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀, wọ́n sì gbé áàpù kan jáde lẹ́yìn náà tí ènìyàn lè fi wo àwòrán nǹkan ìgbà èwe rẹ̀ nílé. Àjọ tó ń bójú tó àwọn ààfin ọba bíi Hampton Court tẹ ìwé ìtọ́sọ́nà jáde ní ọdún 2017 fún àwọn ibi àtijọ́ tí òfin kò jẹ́ kí wọ́n wó ògiri tàbí kí wọ́n yí ilẹ̀ padà. Ìyẹn ló dáhùn àwáwí tó wọ́pọ̀ jù, pé ilé wa ti gbó jù láti tún ṣe.

Orin tún wà. Láti ọdún 2003 ni ètò Singing for the Brain ti ń kó àwọn tó ní àrùn yìí jọ láti kọrin. Ẹni tí gbólóhùn mẹ́ta kò jáde lẹ́nu rẹ̀ mọ́ lè kọ orin tó mọ̀ láti kékeré dópin.

Àwọn àgbà Yorùbá ní ìlú ọba

Àwọn kan ṣì ń rò pé àrùn yìí jẹ́ ti òyìnbó, pé tiwa kàn jẹ́ kí àgbà máa ṣarán, tàbí kí wọ́n fi ẹ̀sùn àjẹ́ kan ìyá arúgbó tó ń sọ kántankàntan. Ṣùgbọ́n ìlú Ìbàdàn wà lára ibi tí wọ́n ti ṣe ìwádìí rẹ̀ jù ní Áfíríkà. Ní ọdún 1992, Ọ̀jọ̀gbọ́n Hugh Hendrie láti Indiana àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Osuntokun láti Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọn àgbà Ìdíkàn wé àwọn aláwọ̀ dúdú Indianapolis. Èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2001 fi hàn pé nínú àwọn tó ti lé ní ọdún 65, ìdá 1.35 nínú ọgọ́rùn-ún ni àrùn náà ń mú lọ́dún ní Ìbàdàn, tí ti Indianapolis sì jẹ́ 3.24. Ó kéré níbí, àmọ́ ó wà.

Lára àwọn ọmọ Yorùbá tó lọ sí London ní ọdún 1960 sókè, ọ̀pọ̀ ti di arúgbó níbẹ̀. Àwọn tí àrùn yìí bá mú lára wọn lè pàdánù èdè Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n kọ́ lẹ́yìn, kí wọ́n sì padà sí Yorùbá tí wọ́n fi bọ́ wọn. Wàyí o, wo àpótí ìrántí tí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan lè gbé kalẹ̀ fún wọn: ìwé ìpín oúnjẹ ìgbà ogun, fọ́tò Ọbabìnrin lọ́jọ́ ìdádélórí. Kí ni ìwọ̀nyí fẹ́ jí nínú ẹni tó dàgbà ní Ìjẹ̀bú-Òde? Fún un ní àdìrẹ ẹlẹ́kọ, àtùpà elépo, igbá tí wọ́n fín, rẹ́kọ́ọ̀dù Haruna Ishola tàbí I.K. Dairo. House of Memories ti bá àwọn àgbà Yemen tó ń gbé ní Liverpool ṣe irú rẹ̀, nítorí náà kì í ṣe àlá.

Ọ̀rọ̀ orúkọ pẹ̀lú wà. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn òyìnbó máa ń sọ pé kí òṣìṣẹ́ fi orúkọ àbísọ pe ẹni náà kí ara lè tù ú. Ara kò ní tu ìyá ẹni ọgọ́rin ọdún tí ọmọdé kan pè ní Bísí. Ìwé pélébé kan wà tí Alzheimer's Society ń pín, This is me, tí ẹbí máa ń kọ irú oúnjẹ, ìwà àti ìtàn ẹni náà sí, ó sì ní àyè fún orúkọ tí ó fẹ́ kí wọ́n máa pe òun. Ibẹ̀ ni kí àwọn ọmọ kọ "Màmá" sí.

Ní Nàìjíríà, òfin tó lòdì sí fífi ọwọ́ rọ́ àwọn aláìlera sẹ́yìn di òfin ní oṣù Kìíní ọdún 2019, ó sì fún àwọn ilé tí gbogbo ènìyàn ń lò ní ọdún márùn-ún láti ṣàtúnṣe. Kẹ̀kẹ́ arọ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rò nígbà tí wọ́n bá gbọ́ ọ. Ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́ ìrìn-àjò afẹ́ lónìí yóò bá àga àtijókòó sinmi, àmì tó ṣeé kà àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó mọ́ pàdé nínú iṣẹ́ rẹ̀ kí ó tó kan ọ̀rọ̀ lífìtì.

Iṣẹ́ ṣíṣe

1. Yan hòtẹ́ẹ̀lì, ilé sinimá tàbí ọgbà ìgbafẹ́ kan ní ìlú rẹ. Rìn láti ibi ìgbọ́kọ̀sí dé ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kí o sì kọ gbogbo ibi tí ilẹ̀ ti yí àwọ̀ padà sílẹ̀. Èwo nínú wọn lo lè tún ṣe láì ná owó?

2. Ìyàwó kan kọ̀wé sí hòtẹ́ẹ̀lì etíkun pé ọkọ òun tó ní àrùn ìgbàgbé máa ń dìde lóru. Ó fẹ́ yàrá fún ọjọ́ mẹ́rin. Kọ èsì ọ̀gá hòtẹ́ẹ̀lì náà sí i, kí o má fi ìlérí tí ìwọ kò lè mú ṣẹ kún un.

3. Oníbàárà kan ní ilé oúnjẹ rẹ kọ̀ láti san owó, ó ní òun ti san án. Òṣìṣẹ́ rẹ mọ̀ pé kò tíì san án. Kọ ohun tí òṣìṣẹ́ náà yóò sọ, ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀.

4. Bá àgbàlagbà kan nínú ẹbí rẹ sọ̀rọ̀, kí o sì to nǹkan mẹ́fà jọ tí ìwọ yóò fi sínú àpótí ìrántí fún àwọn àgbà ìlú yín. Sọ ìdí tí o fi yan ọ̀kọ̀ọ̀kan.